Ta Ni Ó Ń Dá Iye Lé Ohun Tí Gbogbo Ènìyàn Lè Ṣe?

Nínú àgbẹ̀dẹ ilẹ̀ wa, kò sí alágbẹ̀dẹ tí ó lè sọ pé òun nìkan ni òun ni ìrísí ọkọ́. Bàbá kọ́ ọmọ, ọ̀gá kọ́ ọmọ iṣẹ́, ọmọ iṣẹ́ gba òmìnira, ó sì lọ dá àgbẹ̀dẹ tirẹ̀ sílẹ̀. Síbẹ̀, àgbẹ̀ kì í ra ọkọ́ lọ́wọ́ ẹni tí ó bá ṣáà ti rí. Ó mọ ẹni tí irin rẹ̀ kì í tètè tẹ̀, tí yóò sì bá a tún un rọ bí ẹnu rẹ̀ bá kú. Ọwọ́ àti orúkọ alágbẹ̀dẹ náà ni ó ń sanwó fún.

Ọ̀rọ̀ àgbẹ̀dẹ yìí yóò ràn wá lọ́wọ́ láti lóye ìtàn kan tí ó bẹ̀rẹ̀ ní bí ogún ọdún sẹ́yìn. Ìtàn àwọn ẹ̀rọ kéékèèké ni, tí àwọn tí ó ṣe wọ́n fi àwòrán wọn sí gbangba, kí ẹni tí ó bá wù lè ṣe irú wọn, kí ó tún wọn ṣe, kí ó sì tà wọ́n. Bí gbogbo ènìyàn bá lè ṣe nǹkan, èló ni a ó máa tà á?

Ní ìlú Ivrea ní ilẹ̀ Ítálì, ilé ẹ̀kọ́ gíga kan wà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ nílò pátákó ẹ̀rọ kékeré tí wọn ó fi máa darí iná àti mọ́tò. Èyí tí ó wà lọ́jà nígbà náà, BASIC Stamp, ń gba nǹkan bí 100 dọ́là, owó tí ó wọ akẹ́kọ̀ọ́ lọ́rùn. Hernando Barragán, akẹ́kọ̀ọ́ tí ó wá láti ilẹ̀ Kòlóńbíà, fi iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀ ṣe èyí tí ó rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó pè é ní Wiring. Orí ìpìlẹ̀ yẹn ni Massimo Banzi, David Cuartielles àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn dúró lé tí wọ́n fi gbé Arduino jáde ní ọdún 2005.

Wọn kò ṣe ẹ̀rọ náà tán kí wọ́n tó máa wá iye tí wọn ó dá lé e. Iye owó ni wọ́n kọ́kọ́ fọkàn sí, nǹkan bí 30 dọ́là, wọ́n sì ṣe ẹ̀rọ náà kí ó bá owó yẹn mu. Nítorí pé ilé ẹ̀kọ́ náà fẹ́ kógbá sílé, wọ́n fi àwòrán rẹ̀ sí gbangba kí iṣẹ́ wọn má baà bá a lọ. Orúkọ nìkan ni wọ́n dì mú: ẹnikẹ́ni lè ṣe irú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ pè é ní Arduino láìgba àṣẹ. Nígbà tí àwọn olùdásílẹ̀ náà pín sí méjì, orúkọ yìí ni wọ́n gbé ara wọn lọ sí ilé ẹjọ́ lé lórí, wọn kò sì parí ìjà títí di ọdún 2016. Kò sí ẹni tí ó bá ẹnìkejì jà nítorí àwòrán.

Ní ọdún 2005 kan náà, Adrian Bowyer, olùkọ́ ní Yunifásítì Bath ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bẹ̀rẹ̀ RepRap, ẹ̀rọ atẹ̀wé 3D tí ó lè tẹ apá kan nínú ẹ̀yà ara rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ní 2009, ìwé ẹ̀tọ́ pàtàkì tí ilé iṣẹ́ Stratasys ní lórí ọ̀nà ìtẹ̀wé yìí parí, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì wọ inú òwò náà. MakerBot, ní Niú Yọ́ọ̀kì, wà lára wọn. Gbangba ni ó ti bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ní 2012 ó ti ilẹ̀kùn mọ́ àwòrán ẹ̀rọ rẹ̀ tuntun. Ní 2013, Stratasys rà á ní iye tí ó lé ní 400 mílíọ̀nù dọ́là. Àwọn tí wọ́n ti fi iṣẹ́ ọ̀fẹ́ ràn án lọ́wọ́ bínú gidigidi.

Àwòrán tí a kò ti ilẹ̀kùn mọ́ ni ó dé ọ̀dọ̀ àwọn aládùúgbò wa. Ní Lomé, níbi tí ayàwòrán-ilé Sénamé Koffi Agbodjinou ti dá WoeLab sílẹ̀ ní 2012, Kodjo Afate Gnikou mọ irú RepRap tí Josef Průša, ọmọ ilẹ̀ Ṣẹ́ẹ̀kì, yà. Ó wo ààtàn, ó rí àlòkù kọ̀ǹpútà àti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tí wọ́n ti pa tì, ó sì fi wọ́n to ẹ̀rọ tirẹ̀, W.Afate, ní 2013. Díẹ̀ nínú ẹ̀yà rẹ̀ nìkan ni ó ní láti rà ní tuntun. Ìròyìn tàn kálẹ̀ pé nǹkan bí 100 dọ́là ni ó ná an, èyí tí ó súnmọ́ 50,000 sẹ́fà nígbà náà.

Iye yìí gan-an ni ó yẹ kí a gbé yẹ̀ wò. Owó ẹ̀yà ara ẹ̀rọ ni; kì í ṣe iye ọjà. Kò ka ọjọ́ tí a fi ń ṣa àlòkù jọ, wákàtí tí a fi ń tú wọn, àti èyí tí ó bàjẹ́ mọ́ni lọ́wọ́. Owó tí àwọn olóore dá jọ lórí Ulule ni ó gbé ìwádìí rẹ̀ ró, nítorí náà ìwádìí kò sí nínú ìṣirò. Àlòkù méjì kì í sábà dọ́gba: ẹni tí ó to ẹ̀rọ kan lónìí yóò tún ronú lọ́tọ̀ kí ó tó to èkejì lọ́la. Ẹni tí ó bá ta irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ní 50,000 sẹ́fà ti ta òógùn ojú rẹ̀ ní ọ̀fẹ́, kò sì ní í rí owó tí yóò fi tún un ṣe fún oníbàárà nígbà tí ó bá bàjẹ́.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá ní Àjàṣẹ́ níhìn-ín. Láti 1985 tí Fádà Godfrey Nzamujo ti dá Songhai sílẹ̀ ní ìlú wa, a ti mọ̀ pé ẹ̀rọ tí ó wúlò fún àgbẹ̀ lè ti ọwọ́ wa jáde. Ní Kútọnú, BloLab ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní irú iṣẹ́ ọwọ́ yìí. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa náà yóò ṣe ẹ̀rọ tiwọn, wọn yóò sì gbé e lọ sí ọjà. Ìtàn ti fi ohun mẹ́ta hàn wọ́n. Èkíní, kí wọ́n kọ́kọ́ mọ iye tí agbára oníbàárà ká, kí wọ́n sì ṣe ẹ̀rọ tí yóò bá a mu, bí àwọn ará Ivrea ti ṣe. Èkejì, kí wọ́n ka wákàtí ọwọ́ wọn mọ́ owó irin àti wáyà. Ẹ̀kẹta, kí wọ́n pa orúkọ wọn mọ́, kí wọ́n sì máa dárúkọ ẹni tí wọ́n ti kọ́ ọgbọ́n lọ́dọ̀ rẹ̀, nítorí ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí á pe àgbà ní wèrè.

Àwọn kan ń sọ pé ẹni tí ó bá fi àwòrán sí gbangba ti sọ oúnjẹ rẹ̀ nù. Àgbẹ̀dẹ ti já ọ̀rọ̀ yìí ní koro kí a tó bí wa. Gbogbo ayé ni ó mọ ìrísí ọkọ́, síbẹ̀ alágbẹ̀dẹ tí ọwọ́ rẹ̀ dára ń jẹun, nítorí ó mọ ohun tí òun ń tà.