Ọ̀rá Inú Iṣan àti Àrùn Àtọ̀gbẹ: Bí Ìmọ̀ Ṣe Dé Ibẹ̀

Ohun méjì pàtàkì ni iṣan ara, irú èyí tó wà ní apá àti itan, fi ń ṣagbára: ọ̀rá àti ṣúgà. Bí inú bá ṣófo, ọ̀rá ló ń lò jù. Bí ènìyàn bá jẹun tán, ínsúlínì á jáde, iṣan á sì kọjú sí ṣúgà. Àrùn àtọ̀gbẹ a máa da ètò yìí rú. Ó pẹ́ kí àwọn onímọ̀ tó rí i bẹ́ẹ̀, nítorí ṣúgà ló gba gbogbo àfiyèsí wọn.

Ní ọdún 1889, ní ìlú Strasbourg, Oskar Minkowski àti Joseph von Mering yọ páńkíríásì ajá kan. Ajá náà bẹ̀rẹ̀ sí í tọ̀ léraléra. Minkowski yẹ ìtọ̀ rẹ̀ wò, ó sì bá ṣúgà púpọ̀ níbẹ̀, èyí tí í ṣe àmì àtọ̀gbẹ. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń wá ohun tó ń ti inú páńkíríásì jáde.

Ní oṣù Kìíní ọdún 1922, ní Toronto, wọ́n gún Leonard Thompson, ọmọ ọdún 14 tó ní àtọ̀gbẹ, ní abẹ́rẹ́ ínsúlínì, ohun tí wọ́n ti ń wá nínú páńkíríásì. Ti àkọ́kọ́ kò fi bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́. Nígbà tí James Collip tún oògùn náà ṣe kó lè mọ́ sí i, ṣúgà inú ìtọ̀ ọmọ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, kítóònù sì pòórá. Láti ara ọ̀rá ni ẹ̀dọ̀ ti ń ṣe kítóònù, nígbà tí kò bá sí ínsúlínì tí yóò dá ọ̀rá ara dúró kó má yòrò.

Ní ọdún 1936, ní London, Harold Himsworth fún àwọn alátọ̀gbẹ ní ṣúgà mu, ó sì gún wọn ní ínsúlínì lẹ́ẹ̀kan náà. Ínsúlínì káwọ́ ṣúgà àwọn kan. Kò fi bẹ́ẹ̀ ran ti àwọn mìíràn. Ní ọdún 1960, Rosalyn Yalow àti Solomon Berson ní New York fi ọ̀nà tuntun wọn ínsúlínì inú ẹ̀jẹ̀, wọ́n sì rí i pé ó pọ̀ lára ọ̀pọ̀ àgbàlagbà tó ní àtọ̀gbẹ. Ínsúlínì wà, ara ni kò gbọ́ tirẹ̀ mọ́.

Philip Randle àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Cambridge ló kọ́kọ́ nàka sí ọ̀rá gan-an. Wọ́n lo iṣan ọkàn eku àti iṣan tí eku fi ń mí. Ní ọdún 1963 wọ́n kọ̀wé pé bí iṣan bá ti ń lo ọ̀rá, ohun tó ń jáde láti inú ìjóná ọ̀rá a máa dènà àwọn ẹ́ńsáìmù tó ń fọ́ ṣúgà. Lójú wọn, ọ̀rá tó pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ alátọ̀gbẹ ń fa ọwọ́ ṣúgà sẹ́yìn.

Ní ọdún 1992, Denis McGarry ní Texas béèrè ohun tí ì bá ṣẹlẹ̀ ká ní Minkowski kò lè mọ adùn ìtọ̀ ajá náà lẹ́nu, tó jẹ́ pé òórùn kítóònù ló gbọ́. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti ka àtọ̀gbẹ sí àrùn ọ̀rá láti ìbẹ̀rẹ̀.

Lẹ́yìn rẹ̀, Gerald Shulman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yale fi ẹ̀rọ onímágínẹ́ẹ̀tì wo inú iṣan ènìyàn láìgé ara. Ní ọdún 1996, wọ́n da ọ̀rá sínú ẹ̀jẹ̀ àwọn tí ara wọn dá. Bí ọ̀rọ̀ Randle bá pé, ó yẹ kí ṣúgà tó ti wọlé kó jọ sínú iṣan. Dípò bẹ́ẹ̀, ó dínkù: ẹnu ọ̀nà gan-an ló ti. Àlàyé tí wọ́n ṣe ni pé àwọn ohun tí ọ̀rá ń ṣẹ́ kù sínú iṣan ń dí iṣẹ́ tí ínsúlínì ń rán lọ́wọ́, débi pé àwọn agbéṣúgà, ìyẹn àwọn èròjà tó ń gbé ṣúgà wọlé, tó wà nínú sẹ́ẹ̀lì kì í jáde wá sí ojú rẹ̀.

Ọ̀rá nìkan kọ́ ni ẹjọ́ wà lọ́rùn rẹ̀. Ní ọdún 2001, Bret Goodpaster àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Pittsburgh rí i pé ọ̀rá pọ̀ nínú iṣan àwọn eléré ìje ọ̀nà jíjìn, síbẹ̀ ínsúlínì ń ṣiṣẹ́ dáadáa lára wọn. Iṣan tiwọn ń jo ọ̀rá náà lójoojúmọ́. Ti ẹni tí kì í lo ara ń kó o jọ ni. Ìdí nìyí tí ìrìn àti iṣẹ́ agbára fi wà lára ìtọ́jú àtọ̀gbẹ: iṣan tó ń ṣiṣẹ́ ń jo ọ̀rá, ó sì lè gba ṣúgà wọlé kódà láìdúró de ínsúlínì.