Bàálù VC10 tí Nọ́ńbà Rẹ̀ Ń Jẹ́ 5N-ABD: Ìtàn Ọdún Méje láti Weybridge dé Ìjú

Ìfáàrà

Ní agbègbè Ọ̀tà, láti Sàngó dé Ìyànà Ìyẹsí lójú ọ̀nà Ìdírókò, ìró bàálù kì í ṣe àjèjì létí ará ìlú, nítorí pé pápákọ̀ òfurufú Ìkẹjà kò jìnnà sí wọn. Bí ọ̀rọ̀ ìjàǹbá bàálù bá sì jẹyọ, ti Lìsà ní ọdún 2005 àti ti Ìjú-Ìṣàgá ní ọdún 2012 ni ó sábà máa ń wá sí ẹnu. Ti ọdún 1969 ṣáájú méjèèjì, Ìjú náà ni ó sì ti ṣẹlẹ̀. Àpilẹ̀kọ yìí tọ ipasẹ̀ bàálù tí ọ̀rọ̀ náà kàn, láti ọjọ́ tí ó kọ́kọ́ fò títí dé ọjọ́ tí ó já. Ohun tí ó fẹ́ fi hàn ni pé ọjọ́ orí bàálù nìkan kò tó láti fi ṣàlàyé ìjàǹbá, àti pé àìsí àkọsílẹ̀ máa ń sọ àdánù kan di méjì.

Ìdí tí Wọ́n fi Ṣe VC10

Ní àwọn ọdún 1950, BOAC, iléeṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, ń wá bàálù tí yóò lè ná ọ̀nà Áfíríkà àti Éṣíà. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ojú ọ̀nà tí bàálù ń sá lé lórí ní ọ̀pọ̀ pápákọ̀ ìgbà náà kò gùn tó. Oòrùn mú janjan ní Kano. Nairobi ní tirẹ̀ wà lórí ilẹ̀ gíga. Bí ibì kan bá gbóná tàbí tí ó bá ga, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ a máa fúyẹ́. Apá bàálù kì í rí afẹ́fẹ́ tí ó nípọn gbára lé, agbára ẹ́ńjìnnì náà a sì dínkù. Nítorí náà ni bàálù fi nílò ojú ọ̀nà gígùn kí ó tó lè gbéra.

Iléeṣẹ́ Vickers-Armstrongs ní Weybridge ni ó wá ojútùú sí i. Wọ́n kó ẹ́ńjìnnì Conway mẹ́rin ti Rolls-Royce sí ìdí bàálù, kí àyè lè gba apá rẹ̀ fún àwọn abala tí ń mú un gbéra kíákíá. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1958, BOAC béèrè fún 35 nínú rẹ̀. Àpẹẹrẹ àkọ́kọ́ fò ní ọjọ́ 29, oṣù kẹfà, ọdún 1962. Nígbà tí VC10 sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò tí ó sanwó ní ọjọ́ 29, oṣù kẹrin, ọdún 1964, ọ̀nà London sí Èkó ni wọ́n fi ṣí i. Kò sí àní-àní pé ilẹ̀ wa wà lára ohun tí àwọn tí ó ṣe bàálù yìí ní lọ́kàn.

Ṣùgbọ́n kí ó tó délé kí ó tó dóko, ọ̀pọ̀ ìlú ti mú ojú ọ̀nà pápákọ̀ wọn gùn sí i, Boeing 707 tí ìnáwó rẹ̀ kéré sì lè balẹ̀ níbẹ̀. Àǹfààní VC10 bẹ̀rẹ̀ sí í dínkù. Níkẹyìn, 12 péré ni BOAC gbà nínú irú àkọ́kọ́, ó sì gba 17 nínú Super VC10. Gbogbo èyí tí wọ́n ṣe lápapọ̀ kò ju 54 lọ.

Láti G-ARVA dé 5N-ABD

G-ARVA ni àkọ́bí nínú àwọn tí wọ́n ṣe fún BOAC. Ó kọ́kọ́ fò ní oṣù kọkànlá ọdún 1962. Wọ́n fi ṣe ìdánwò ná, lẹ́yìn èyí ni ó wá dara pọ̀ mọ́ àwọn tí ń gbé èrò.

Ní ti Nàìjíríà, ọdún 1958 ni orílẹ̀-èdè yìí dá iléeṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú tirẹ̀ sílẹ̀, èyí tí ó di Nigeria Airways. Ní ìbẹ̀rẹ̀, BOAC wà lára àwọn tí ó ní ìpín níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ìjọba ra gbogbo rẹ̀. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1969, nígbà tí ogun abẹ́lé kò tíì parí, Nigeria Airways ra G-ARVA lọ́wọ́ BOAC. G, tí ó jẹ́ àmì Gẹ̀ẹ́sì, kúrò lára rẹ̀. 5N, àmì Nàìjíríà, rọ́pò rẹ̀. Báyìí ni ó ṣe di 5N-ABD.

Òwúrọ̀ Ọjọ́ 20, Oṣù Kọkànlá, Ọdún 1969

Kò tíì pé oṣù méjì lọ́wọ́ Nigeria Airways tí ọ̀ràn fi ṣẹlẹ̀. Bàálù náà gbéra ní London, ó yà ní Róòmù àti Kano, ó sì ń bọ̀ wá balẹ̀ ní Èkó. Ó ku bíi kìlómítà 13 kí ó dé ojú ọ̀nà ìbalẹ̀ nígbà tí ó kọlu igi ní ìhà Ìjú, tí ó já, tí ó sì gbiná. Èrò 76 àti òṣìṣẹ́ 11 ni ó wà nínú rẹ̀. Kò sí ẹni tí ó yè nínú àwọn 87 náà. Èyí ni ìgbà àkọ́kọ́ tí ẹ̀mí ṣòfò nínú ìjàǹbá VC10 níbikíbi láyé.

Nígbà tí ìwádìí bẹ̀rẹ̀, wọ́n rí i pé ẹ̀rọ tí ó yẹ kí ó máa ṣàkọsílẹ̀ ìrìnàjò náà kò ṣiṣẹ́. Nítorí èyí, okùnfà ìjàǹbá náà kò hàn pátápátá. Ohun tí àwọn olùwádìí gbà ni pé àwọn awakọ̀ kò mọ bí wọ́n ṣe ga sí ilẹ̀ tó, wọ́n sì jẹ́ kí bàálù lọ sílẹ̀ ju bí ó ti yẹ lọ nígbà tí wọn kò rí ilẹ̀. Wọ́n ní ó ṣeé ṣe kí àárẹ̀ wà nínú rẹ̀.

Ohun tí Ìtàn Náà Fi Hàn

Àwọn kan lè sọ pé àlòkù tí òyìnbó tà fún wa ni ó pa wá. Lóòótọ́, àlòkù ni. Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún méje péré ni bàálù náà, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sì pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. G-ARVF, tí òun náà jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn 12 ti BOAC, wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní Hermeskeil lórílẹ̀-èdè Jámánì. Ilé iṣẹ́ ológun òfurufú Gẹ̀ẹ́sì sì lo VC10 títí di oṣù kẹsàn-án ọdún 2013. Ohun tí ìwádìí tọ́ka sí ni ìmọ̀ nípa gíga bàálù, àárẹ̀ ènìyàn, àti ẹ̀rọ àkọsílẹ̀ tí ó yadi.

Ẹ̀kọ́ yìí kò tíì kúrò nílẹ̀. Nígbà tí Boeing 737 ti Bellview já ní Lìsà ní ọjọ́ 22, oṣù kẹwàá, ọdún 2005, ènìyàn 117 ni ó kú, wọn kò sì rí ẹ̀rọ àkọsílẹ̀ rẹ̀; àjọ olùwádìí kò lè sọ okùnfà rẹ̀ ní pàtó. Ó ju ọdún 35 lọ láàrin Ìjú àkọ́kọ́ àti Lìsà, síbẹ̀ ìdáhùn kan náà ni àwọn ẹbí olóògbé gbà: okùnfà kò dájú. Ní ọjọ́ 3, oṣù kẹfà, ọdún 2012, ẹkùn Ìjú náà ni bàálù Dana já sí. Àwọn 153 tí ó wà nínú rẹ̀ kú, mẹ́fà sì kú lórí ilẹ̀.

Ìkádìí

Nigeria Airways ti kógbá sílé láti ọdún 2003, BOAC náà ti di ara British Airways láti ọdún 1974. Àwọn tí ó ra bàálù náà àti àwọn tí ó tà á kò sí mọ́ lábẹ́ orúkọ tí wọ́n ń jẹ́ nígbà náà. Ohun tí ó kù ni ìtàn, ó sì yẹ kí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ tí ó wà ní agbègbè Ọ̀tà, Ifọ̀ àti Ìjú máa gba ẹnu àwọn àgbà tí ó rántí òwúrọ̀ ọjọ́ náà sílẹ̀ kí wọ́n tó lọ tán. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá ṣubú a wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú a wo ẹ̀yìn. Ẹ̀yìn tí a óò wò ṣe kókó: níbi tí ẹ̀rọ kò ti sọ̀rọ̀, ẹnu ènìyàn àti ìwé nìkan ni ó lè ròyìn fún àwọn ọmọ tí ń bọ̀.