Moses Ládéjọ Stone ará Ògbómọ̀ṣọ́ àti Àwọn Tí Ó Jáde ní 1888

Nínú ọ̀pọ̀ ìwé tí ó sọ ìtàn ìjọ Onítẹ̀bọmi ní ilẹ̀ Yorùbá, ìpínrọ̀ kan péré ni a máa ń yà sọ́tọ̀ fún ọdún 1888. A ó kà níbẹ̀ pé aáwọ̀ bẹ́ sílẹ̀ ní Èkó láàárín òyìnbó ajíhìnrere kan àti àlùfáà Yorùbá kan, pé ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ ìjọ tẹ̀lé àlùfáà náà jáde, pé wọ́n dá ìjọ tiwọn sílẹ̀. Òǹkọ̀wé a sì kọjá sí ọdún mìíràn. Ṣùgbọ́n jíjáde kì í ṣe òpin ọ̀rọ̀. Ẹni tí ó bá jáde kúrò nínú ilé tí ó ti ń jẹ tí ó ti ń mu ní láti wá ibi tí yóò sùn sí ní alẹ́ ọjọ́ náà. Níbo ni wọ́n ti jọ́sìn? Ta ni ó bọ́ oníwàásù wọn? Orúkọ wo ni wọ́n ń jẹ́? Ọ̀nà wo sì ni àwọn kan nínú wọn gbà padà sí ibi tí wọ́n ti kúrò? Àwọn ìbéèrè wọ̀nyí ni mo fẹ́ gbé yẹ̀ wò. Mo sì fẹ́ kí ẹ̀yin òǹkàwé rí i pé, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Èkó ni ìjà náà ti ṣẹlẹ̀, Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ ni gbòǹgbò rẹ̀ wà.

Thomas Jefferson Bowen ni ó kọ́kọ́ mú ẹ̀kọ́ Onítẹ̀bọmi wọ ilẹ̀ wa. Ó gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì ní 1850, ó dúró ní Ìjàyè fún ìgbà díẹ̀, ó sì dé Ògbómọ̀ṣọ́ ní 1855. Òun náà ni ó kọ ìwé gírámà àti ìwé atúmọ̀ èdè Yorùbá tí a tẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1858. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn mìíràn dé, nínú wọn ni T. A. Reid tí ó fi ìlú Ọ̀yọ́ ṣe ibùjókòó. Ìjọ gúúsù Amẹ́ríkà ni ó rán wọn, ìgbìmọ̀ tí ó sì ń san owó wọn jókòó sí ìlú Richmond ní Virginia. Kò yẹ kí a gbàgbé ohun tí ó bí ìjọ gúúsù yìí. Ní 1845 ni wọ́n yà kúrò lára àwọn ará wọn ti àríwá, nítorí pé àwọn ti àríwá kò gbà kí ẹni tí ó ní ẹrú di ajíhìnrere. Àwọn tí ó rán ìhìnrere sí wa fúnra wọn jẹ́ àwọn tí ó ti jáde rí, ohun tí ó sì mú wọn jáde kì í ṣe ohun tí a lè fi yangàn.

Ní 1859 ni Aláàfin Àtìbà wàjà. Gẹ́gẹ́ bí àṣà ayé àtijọ́, ó yẹ kí Àrẹ̀mọ bá ọba kú. Ṣùgbọ́n wọ́n fi Àrẹ̀mọ Adélù jọba. Kúrunmí, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò tí ó wà ní Ìjàyè, fárígá pé òun kò ní forí balẹ̀ fún un. Ogun dé, Ìbàdàn gbè sẹ́yìn Ọ̀yọ́, Ìjàyè sì fọ́ ní 1862. Bí èyí ti ń lọ, ogun abẹ́lé bẹ́ sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà láti 1861 títí di 1865, owó tí ń ti Richmond wá sì dáwọ́ dúró. Ojú ọ̀nà pa mọ́ Reid ní Ọ̀yọ́. R. H. Stone àti A. D. Phillips tí wọ́n wà ní Ìjàyè kó lọ sí Abẹ́òkúta pẹ̀lú àwọn ọmọ tí ogun sọ di aláìníbaba. Ní Abẹ́òkúta náà, ìfọ́lé ti 1867 lé àwọn òyìnbó jáde, àwọn onígbàgbọ́ kan sì sá lọ sí Èkó.

Nípa báyìí, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí a ń pè ní Onítẹ̀bọmi Èkó ni ogun gbé wá láti ilẹ̀ Ọ̀yọ́. Joseph Harden, ọkùnrin aláwọ̀ dúdú láti Amẹ́ríkà tí ó dá ìjọ Èkó sílẹ̀, ti kú ní 1864. Sarah, opó rẹ̀, ni ó di àwọn tí ó kù mú. James Churchwill Vaughan náà wà níbẹ̀, ẹni tí baba rẹ̀ ti ṣe ẹrú rí ní South Carolina. Vaughan jẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà. Ó ti bá àwọn ajíhìnrere ṣiṣẹ́ ní Ìjàyè, ó rí ogun, ó rí ìfọ́lé, kí ó tó di oníṣòwò ohun èlò ìkọ́lé ní Èkó. Ní Ògbómọ̀ṣọ́ pẹ̀lú, àwọn onígbàgbọ́ díẹ̀ wà láìsí òyìnbó kankan láàárín wọn fún ọdún púpọ̀.

Níhìn-ín ni èrò mi ti yàtọ̀ sí ti àwọn tí ó ń sọ pé ìbínú òjijì ni ti 1888. Láti ìgbà tí ogun Ìjàyè ti bẹ̀rẹ̀ títí di 1875 tí W. J. David àti W. W. Colley dé, àwọn ènìyàn yìí ti gbé ọdún mẹ́wàá àti jù bẹ́ẹ̀ lọ láìsí aláṣẹ láti òkè òkun. Wọ́n gbàdúrà, wọ́n kọ́ ọmọ wọn ní ìwé, wọ́n sin òkú wọn. Ẹni tí ó ti dá oko ara rẹ̀ ro fún ọdún mẹ́wàá kì í yára gbàgbé bí a ti ń di ọkọ́ mú.

Inú ọ̀rọ̀ yìí ni a bí ìtàn Ládéjọ sí. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni. Ó dàgbà lọ́dọ̀ R. H. Stone, láti ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ó sì ti gba orúkọ tí a fi mọ̀ ọ́n nínú ìwé, Moses Ládéjọ Stone. Ní 1880 ni wọ́n fi í jẹ àlùfáà, ó sì wà lára àwọn Yorùbá àkọ́kọ́ tí ìjọ Onítẹ̀bọmi gbé oyè náà lé lórí. Ó ṣiṣẹ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́, lẹ́yìn náà ó di olùṣọ́-àgùntàn ìjọ Èkó. Gbogbo ẹni tí ó kọ̀wé nípa rẹ̀ ni ó gbà pé oníwàásù tí àwọn ènìyàn fẹ́ràn ni.

David ni olórí iṣẹ́ náà. Kò ní dára kí a sọ ọ́ di ẹni ibi. Ó farada ibà àti ikú láàárín ilé rẹ̀, òun ni ó sì ṣètò kíkọ́ ilé ìjọsìn oníbíríkì tí ó níyì ní Èkó. Ṣùgbọ́n lọ́wọ́ rẹ̀ ni àpò owó wà. Òun ni ó ń san owó oṣù fún olùkọ́ àti oníwàásù, òun ni ó ń gbà wọ́n síṣẹ́, òun ni ó ń sọ fún wọn ibi tí wọn yóò lọ. Bẹ́ẹ̀ sì ni ẹ̀kọ́ Onítẹ̀bọmi fúnra rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí àwọn òyìnbó náà ti fi kọ́ni, sọ pé ìjọ ni ó ní àṣẹ láti yan olùṣọ́-àgùntàn rẹ̀, ìjọ náà ni ó sì lè yọ ọ́. Àwọn tí ó jókòó lórí àga ní Èkó ti kọ́ ẹ̀kọ́ yìí sórí. Kò sí ẹni tí ó sọ fún wọn pé òyìnbó nìkan ni a kọ ọ́ fún.

Ọ̀rọ̀ owó oṣù ni ó dá ìjà sílẹ̀. Owó tí a ń san fún Ládéjọ kò tó o, ọ̀rọ̀ sì dé orí pé yóò wá òwò ṣe. David yọ ọ́ kúrò níṣẹ́ láìbi ìjọ léèrè. Ìjọ ní kí ó wá ṣàlàyé, ó kọ̀. Nígbà náà ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn ọmọ ìjọ dìde, tí wọ́n sì bá olùṣọ́-àgùntàn wọn lọ. Vaughan wà nínú wọn, bẹ́ẹ̀ sì ni olùkọ́ ọ̀dọ́ kan tí ń jẹ́ David Brown Vincent. Wọ́n pe ara wọn ní Native Baptist Church. Ìjọ òyìnbó ṣẹ́ ku díẹ̀ nínú ilé bíríkì tí ó tóbi.

Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n pàdánù ni ilé náà. Lára owó tí a fi kọ́ ọ ti àpò àwọn náà wá, ṣùgbọ́n orúkọ wọn kò sí nínú ìwé ilẹ̀. Ohun kejì ni owó oṣù, ẹ̀rí ọkàn gbogbo wọn sì mọ̀ pé orí èyí ni a ó ti mọ bóyá ìjọ tuntun yóò yè tàbí yóò kú. Oníwàásù tí kò rí ti Richmond gbà mọ́ ní láti jẹun láti inú awo ìjọ. Níhìn-ín ni ìwúlò àwọn bíi Vaughan ti hàn, oníṣòwò tí kò gbára lé míṣọ́n fún oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀. Bí a bá ń yin àwọn tí ó sọ̀rọ̀ akin ní 1888, ẹ jẹ́ kí a yin àwọn tí ó ta ìṣó àti pákó pẹ̀lú, nítorí pé láìsí wọn ọ̀rọ̀ akin ìbá ti parí ní oṣù kẹta. Vaughan kú ní 1893. Ọmọ-ọmọ rẹ̀, Dókítà J. C. Vaughan, wà lára àwọn tí ó dá ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́ sílẹ̀ ní Èkó ní 1934, ẹgbẹ́ tí ó di Nigerian Youth Movement. Ìjọ náà kọ́ ilé tirẹ̀, òun ni a mọ̀ sí Ebenezer ní òpópónà Campbell.

Ohun kẹta ni orúkọ. Vincent, tí a bí ní Iléṣà ní 1860, sọ pé òun kò ní gba owó iṣẹ́ lọ́wọ́ míṣọ́n òkè òkun mọ́. Ó ń kọ́ni, ó ń kọ ìwé ìròyìn, ó sì ń wàásù. Ní 1894 ó bọ́ orúkọ David Brown Vincent sílẹ̀, ó di Mọ́jọlá Àgbébí. Aṣọ Yorùbá ni ó sì ń wọ̀ nílé àti lẹ́yìn odi, títí kan ìgbà tí ó lọ sí ìpàdé àwọn ẹ̀yà àgbáyé ní London ní 1911. Àwọn òpìtàn fẹ́ràn rẹ̀, ó sì tọ́ sí i. Ṣùgbọ́n mo ṣàkíyèsí ohun kan tí a kì í sábà sọ. Ládéjọ, ẹni tí ìjà náà ti orí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, kò yí orúkọ tirẹ̀ padà. Stone ni ó jẹ́ nígbà tí ó ń jẹun lọ́dọ̀ òyìnbó, Stone ni ó jẹ́ nígbà tí ó ṣáájú àwọn tí ó kọ òyìnbó sílẹ̀. Bóyá lójú tirẹ̀, orúkọ ẹni tí ó tọ́ ọ nígbà ogun Ìjàyè kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń sọ nù nítorí ìjà tí ẹlòmíràn bá a jà. Orí kò jọ orí. Bí àwọn méjì bá jáde ní ẹnu ọ̀nà kan náà, ọ̀tọ̀ ni ohun tí olúkúlùkù kó sínú àpò.

Ohun tí wọn kò fi sílẹ̀ pọ̀ ju ohun tí wọ́n fi sílẹ̀ lọ. Wọ́n ń ṣe ìrìbọmi nínú odò bíi ti tẹ́lẹ̀, wọ́n ń ka Bíbélì kan náà, èyí tí Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣogùn ní ilẹ̀ Ọ̀yọ́, kó ipa tí ó pọ̀ jù nínú títúmọ̀ rẹ̀. Crowther fúnra rẹ̀ jẹ ìyà lọ́wọ́ àwọn ọ̀dọ́ òyìnbó ajíhìnrere ní Oníṣà ní 1890, ó sì kú ní ọjọ́ tí ó kẹ́yìn 1891 láìkúrò nínú ìjọ rẹ̀. Ní ìlú Ọ̀yọ́ gan-an, ní àkókò tí à ń wí yìí, Samuel Johnson ń ṣe olùṣọ́-àgùntàn ìjọ C.M.S., ó sì ń kọ ìwé ìtàn Yorùbá tí ó parí ní 1897. Àwọn náà ní ìdí láti bínú. Wọ́n dúró. Èmi kò rò pé a lè sọ pé ẹni tí ó dúró jẹ́ ojo tàbí pé ẹni tí ó lọ jẹ́ aláìmoore.

Ògbómọ̀ṣọ́ kò tú ká. Àwọn òyìnbó ń bá iṣẹ́ lọ níbẹ̀: C. E. Smith bẹ̀rẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ àwọn oníwàásù ní 1898, Dókítà George Green sì dé pẹ̀lú iṣẹ́ ìṣègùn ní 1907. Ṣùgbọ́n ìròyìn Èkó dé ibẹ̀, nítorí ọmọ wọn ni ó wà ní àárín rẹ̀. Mo gbà pé ìròyìn náà kò ṣàìsí lọ́kàn àwọn tí ó ń dá àlùfáà ọmọ Yorùbá lẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀, pé ọjọ́ ń bọ̀ tí àwọn wọ̀nyí yóò béèrè ẹni tí ó ni ìjọ.

Kò tó ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn ìyapa tí Ládéjọ fi padà sọ́dọ̀ ìjọ tí ó ti kúrò, àwọn kan sì bá a padà. David ti lọ sí ìlú rẹ̀ nígbà náà. Àwọn kan nínú Ebenezer kò padà láéláé. Ìpadàbọ̀ yìí ni ó ṣòro jù fún òpìtàn, nítorí pé kò dùn ún sọ. Ẹni tí ó jáde ní òwúrọ̀ pẹ̀lú ìlù, tí ó sì wọlé ní ìrọ̀lẹ́ ní jẹ́jẹ́, ta ni yóò kọrin rẹ̀? Síbẹ̀ kì í ṣe ilé kan náà ni ó padà sí. Ìjọ tí ó gbà á padà ti rí i pé èyí tí ó pọ̀ jù nínú ènìyàn òun lè dìde ní ọjọ́ kan ṣoṣo kí wọ́n sì lọ, pé wọn kò sì kú síta. Láti ìgbà náà, ẹni tí yóò bá yọ àlùfáà níṣẹ́ ní láti rántí.

Ní ìta, àwọn mìíràn ti tọ ọ̀nà náà. Ní 1891 a dá United Native African Church sílẹ̀. Ní 1901 àwọn kan jáde kúrò ní St. Paul's, Breadfruit, wọ́n sì di African Church. Ní 1917 àwọn ọmọ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì tí a lé nítorí ìyàwó púpọ̀ dá ìjọ Ẹlẹ́ja sílẹ̀. Àwọn Onítẹ̀bọmi ni ó ṣáájú gbogbo wọn, àwọn nìkan sì ni ó tún so okùn pọ̀ ní kíákíá. Ní 1914, ní ìlú Ìbàdàn, àwọn ìjọ tí ó wà lábẹ́ míṣọ́n àti àwọn tí ó ti jáde pàdé, wọ́n sì dá Yoruba Baptist Association sílẹ̀, èyí tí a mọ̀ sí Nigerian Baptist Convention lónìí. Ẹni tí wọ́n fi ṣe ààrẹ ni Mọ́jọlá Àgbébí, ẹni tí kò padà sábẹ́ míṣọ́n láti 1888. Òun ni ó wà lórí àga náà títí tí ó fi kú ní oṣù karùn-ún, 1917. Àwọn òyìnbó tí Richmond ń san owó fún sì jókòó nínú ìpàdé tí ó ń darí.