Ìdílé Atóegun Kan àti Ìwòsàn Ẹsẹ̀ Tí Ó Kán

Ẹsẹ̀ ni ó ń ru gbogbo ara láti òwúrọ̀ títí di alẹ́. Eegun 26 ni ó wà nínú rẹ̀, láti gìgísẹ̀ dé ọmọ ìka. Ní ọrùn ẹsẹ̀, eegun méjì tí ó ti orúnkún sọ̀ kalẹ̀ há ọ̀kan nínú wọn mọ́ àárín, wọ́n sì wọ ara wọn tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé bí ọ̀kan bá yẹ̀ díẹ̀, ìrìn ènìyàn lè bàjẹ́ títí ọjọ́ ikú rẹ̀. Nítorí náà ni títo eegun fi jẹ́ iṣẹ́ ọ̀wọ̀ ní ilẹ̀ púpọ̀, tí baba sì máa ń fi í lé ọmọ lọ́wọ́.

Ní ayé àtijọ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bí eegun ẹsẹ̀ bá kán tí ó sì yọ síta, gígé ni àwọn dókítà sábà máa ń gé e. Ní 1756, Percivall Pott, tí í ṣe dókítà oníṣẹ́ abẹ ní Lọ́ńdọ̀nù, ṣubú lórí ẹṣin, eegun ẹsẹ̀ rẹ̀ sì yọ jáde. Kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé òun títí ó fi ra ilẹ̀kùn kan, tí a kan ọ̀pá mọ́ ọn, tí a sì fi gbé e lọ sí ilé. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti fi ohùn ṣọ̀kan láti gé ẹsẹ̀ náà, abẹ sì ti wà nílẹ̀, kí Edward Nourse, ọ̀gá tí ó kọ́ ọ níṣẹ́, tó wọlé, tí ó ní kí wọ́n dúró ná. Ẹsẹ̀ náà jinná. Lẹ́yìn náà Pott kọ́ àwọn ènìyàn pé kí a má ṣe fi ipá fa ẹsẹ̀ tí ó kán: kí a ká orúnkún kò, kí iṣan lè dẹ̀, eegun yóò sì rọrùn láti dá padà sí ipò rẹ̀. Orúkọ rẹ̀ ni a fi ń pe oríṣi ìkán ọrùn ẹsẹ̀ kan títí di òní.

Ní ọ̀rúndún tí ó tẹ̀ lé e, atóegun kan tí ń jẹ́ Evan Thomas wà ní Liverpool. Láti erékùṣù Anglesey ní Wales ni ìdílé rẹ̀ ti wá, iṣẹ́ yìí ni wọ́n sì ń ṣe láti ìran dé ìran. Aláìsàn ń wọ́ tọ̀ ọ́ lọ, ṣùgbọ́n kò ní ìwé ẹ̀rí, ẹ̀ẹ̀mélòó kan ni wọ́n sì gbé e lọ sí ilé ẹjọ́. Kò bá wọn jà. Ohun tí ó ṣe ni pé ó rán ọmọkùnrin rẹ̀ márààrún lọ kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn, gbogbo wọn sì di dókítà.

Hugh Owen Thomas, tí a bí ní 1834, ni ó lókìkí jù nínú wọn. Ó bá baba rẹ̀ ṣiṣẹ́ fún ìgbà díẹ̀, wọ́n sì pínyà. Ṣùgbọ́n ọgbọ́n ọwọ́ baba kò kúrò lára ọmọ. Ó ń ṣe irin ìtìlẹ̀ fún ẹsẹ̀, ó ń tọ́jú àwọn aláìní lọ́fẹ̀ẹ́ ní ọjọ́ Ìsinmi, ó sì ń tẹnu mọ́ ọn pé ìsinmi ni oògùn eegun: ìsinmi tí a kò dá dúró, tí a kò sì kánjú parí. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbà wa ṣe wí pé ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Robert Jones, ọmọ àbúrò ìyàwó rẹ̀ nípa ìdílé, ni ó jogún iṣẹ́ náà. Ní 1895, Wilhelm Röntgen ará Jámánì ṣàwárí ìtànṣán tí ó lè fi eegun hàn láti inú ẹran ara. Kò pé ọdún kan tí Jones fi bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó. Ní 1902, bí ó ti ń jó, ó fi ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ tẹlẹ̀, ó sì mọ̀ ọ́n lára pé nǹkan já. Ó tẹ ibẹ̀ wò, ó rò pé iṣan ni. Nígbà tí a ya àwòrán ẹsẹ̀ náà, a rí i pé eegun tí ó wà lẹ́yìn ọmọ ìka tí ó kéré jù ni ó kán. Ọwọ́ tí ó mọ iṣẹ́ jùlọ ní ìlú náà kò lè rí ohun tí àwòrán rí.

Ẹ̀kọ́ tí ó wà nínú èyí kan ilẹ̀ Nàìjíríà gan-an. Títí di òní, atóegun ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kọ́kọ́ ń sá tọ̀ lọ, ìbáà ṣe ní ilẹ̀ Yorùbá tàbí ní ilẹ̀ Hausa. Àwọn mìíràn a máa ṣẹ́ ẹsẹ̀ adìyẹ, wọn a sì tọ́jú rẹ̀ pọ̀ mọ́ ti aláìsàn. Ọjọ́ tí adìyẹ bá rìn ni wọn yóò tú igi tí wọ́n dì mọ́ ẹsẹ̀ ènìyàn. Sùúrù wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n eegun adìyẹ a máa yára jinná ju ti ènìyàn lọ. Ewu tí ó tóbi jù ni dídì tí ó le jù: ẹ̀jẹ̀ kò ní lè kọjá, ìka ẹsẹ̀ yóò tutù, yóò kú tipiri, yóò sì dúdú. Bí a kò bá tú u kíákíá, ẹsẹ̀ tí ìbá jinná yóò di gígé. Láti 1945 ni a ti dá ilé ìwòsàn eegun sílẹ̀ ní Ìgbóbì ní Èkó nítorí àwọn ọmọ ogun tí ó fara gbọgbẹ́, síbẹ̀ ẹsẹ̀ tí ó ti kú ni àwọn kan ń gbé dé irú ilé ìwòsàn bẹ́ẹ̀.

Evan Thomas kò sọ pé irọ́ ni ìmọ̀ ìwé, bẹ́ẹ̀ ni Hugh kò sọ ogún baba rẹ̀ nù. Atóegun tí ó bá mọ ibi tí agbára òun mọ, tí ó ń fi aláìsàn ránṣẹ́ sí ilé ìwòsàn, tí ó sì ń rán ọmọ rẹ̀ lọ sí ilé ẹ̀kọ́, kò ba iṣẹ́ ìdílé rẹ̀ jẹ́. Ó fún un ní ojú tí yóò fi máa ríran.