Ohun tí Koola Lobitos Mú Bọ̀ láti Amẹ́ríkà

Ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kejì ọdún 1964, ọ̀dọ́mọkùnrin mẹ́rin láti Liverpool, àwọn tí ayé ń pè ní The Beatles, kọrin nínú ètò Ed Sullivan ní New York. Ọjọ́ kẹta tí wọ́n gúnlẹ̀ sí Amẹ́ríkà nìyí, ènìyàn bíi mílíọ̀nù 73 sì wò wọ́n lórí tẹlifíṣọ̀n. Láti ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ ti ń fi iye ojú tí ó rí ẹgbẹ́ olórin díwọ̀n ìrìn-àjò rẹ̀ sí òkè òkun. Òṣùwọ̀n yìí kò bá ìtàn tiwa mu.

Ẹni tí ó bá ti Okokomaiko tàbí Ìbà lọ sí ọjà Alaba ní Ọ̀jọ́ lónìí yóò bá tẹlifíṣọ̀n níbẹ̀ jáǹtìrẹrẹ. Ní àkókò tí à ń wí yìí, ohun ọlọ́rọ̀ ni. Iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ ní 1959 (a máa ń pè é ní àkọ́kọ́ ní Áfíríkà, bẹ́ẹ̀ Algeria ti ní tirẹ̀ ní 1956). Ti ìjọba àpapọ̀ ní Èkó tẹ̀lé e ní 1962.

Ní 1969 ni Fẹlá Ransome-Kuti kó ẹgbẹ́ Koola Lobitos lọ sí Amẹ́ríkà. Owó wọ́n wọn, àkókò ìwé ìwọ̀lú wọn sì tán mọ́ wọn lọ́wọ́. Síbẹ̀ wọ́n gba orin sílẹ̀ ní Los Angeles. Ọ̀kan nínú wọn, ‘Viva Nigeria’, yẹ fún àfiyèsí. Ogun abẹ́lé ń jà nílé. Orin náà ń bẹ̀bẹ̀ pé kí Nàìjíríà má ṣe pín. Ẹni tí ó mọ Fẹlá kìkì gẹ́gẹ́ bí ẹni tí àwọn ṣọ́jà jó ilé rẹ̀ ní 1977 yóò ṣe hàà: òun kan náà ni ó ti gbè sẹ́yìn ìṣọ̀kan tí ìjọba ológun ń jà fún. Àwọn kan a máa fo orí yìí dá nínú ìtàn rẹ̀. Wọn kò ṣe dáadáa.

Ní Los Angeles náà ni Sandra Smith, obìnrin aláwọ̀ dúdú ará Amẹ́ríkà, ti fún un ní ìwé ìgbésí ayé Malcolm X kà. Ọmọ Abẹ́òkúta, tí ó ti lọ kọ́ orin ní Lọ́ńdọ̀nù, wá rí i pé ọ̀dọ̀ àlejò ni òun ti ń gbọ́ ìtàn ìran òun.

Ó padà sí Èkó ní 1970. Orúkọ ẹgbẹ́ náà di Nigeria 70, lẹ́yìn náà ó di Africa 70. Ní 1971, àwo ‘Jeun K’oku’ gba ìgboro kan.