Adájọ́ Kò Ṣẹ̀ṣẹ̀ Dá Sí Ọ̀ràn Olùkọ́ ní Íńdíà

Ní oṣù kẹrin ọdún 2025, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ní Íńdíà fagi lé iṣẹ́ àwọn olùkọ́ àti òṣìṣẹ́ ilé ẹ̀kọ́ tó lé ní 25,000 ní West Bengal, nítorí màgòmágó tó wọ ètò ìgbanisíṣẹ́ ọdún 2016. Láti ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ ti ń wí pé àwọn adájọ́ òde òní ló já iṣẹ́ ìjọba gbà. Àwọn mìíràn ní ọdún 2010 ló bẹ̀rẹ̀, nígbà tí TET, ìdánwò ìyege fún olùkọ́, di dandan. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá.

Ìwé òfin Íńdíà ti ọdún 1950 fúnra rẹ̀ ló gbé agbára láti dá sí irú ọ̀ràn bẹ́ẹ̀ lé Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ lọ́wọ́. Abala 16 ní kí ọmọ ìlú gbogbo ní àǹfààní kan náà sí iṣẹ́ ìjọba. Abala 32 ní kí ẹni tí wọ́n bá fi ẹ̀tọ́ rẹ̀ dù ú wá bá ilé ẹjọ́ náà tààrà.

Àwọn olùkọ́ gan-an sì ti lo ilẹ̀kùn yìí fún ọ̀ràn ara wọn, kí TET tó dé rárá. Ní ìpínlẹ̀ Jammu àti Kashmir nígbà kan, wọ́n ń pín ìgbéga ní ẹ̀ka ètò ẹ̀kọ́ ní ìbámu pẹ̀lú ẹ̀sìn àti agbègbè. Olùkọ́ kan, Triloki Nath, àti ẹnì kejì rẹ̀ pẹjọ́. Ìjọba ní àwọn tó jàǹfààní jẹ́ àwọn tó ti rẹ̀yìn láwùjọ tó yẹ kí a ràn lọ́wọ́. Ní 1966, àwọn adájọ́ kò gba ọ̀rọ̀ ẹnu lásán: wọ́n ní kí ilé ẹjọ́ gíga ìpínlẹ̀ náà lọ kó ẹ̀rí jọ. Nígbà tí ẹ̀rí dé, ní 1968, wọ́n dájọ́ pé ìpín náà tako òfin. Ohun tí mo fẹ́ràn nínú ẹjọ́ yìí nìyẹn: ẹ̀rí ni wọ́n béèrè kí wọ́n tó sọ̀rọ̀.

Síbẹ̀, àwọn adájọ́ kì í yan olùkọ́ fún ìjọba; bóyá ìjọba tẹ̀lé òfin ni wọ́n ń wò. Ní 2023, wọ́n fagi lé àṣẹ ọdún 2018 tó jẹ́ kí ẹni tó ní oyè ìkọ́ni B.Ed. kọ́ ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, torí pé B.Ed. kì í kọ́ olùkọ́ bí a ṣe ń kọ́ àwọn ọmọdé bẹ́ẹ̀.

Ọ̀ràn àwọn tó yege láìṣèrú ní West Bengal, tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ àwọn náà, dùn mí gidigidi. Ẹni tó bá fẹ́ bá ilé ẹjọ́ jiyàn, kí ó bi í léèrè ìdí tó fi ní kò ṣeé ṣe láti ya olóòótọ́ sọ́tọ̀ kúrò lára oníjìbìtì.