Ìlọrin àti Mẹ́kà: Aago Wọn àti Ìṣe Wọn

Bí àsìkò Hajj bá ti dé, ọ̀pọ̀ agbolé ní Ìlọrin ló máa ń ní ẹni tó wà ní Mẹ́kà. Ọmọ á parí iṣẹ́ ní aago 10 alẹ́, á pe ìyá rẹ̀, kò mọ̀ pé aago 12 òru ti lù lọ́hùn-ún, Alhaja sì ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ̀yìn lélẹ̀ ni. Ìdí nìyí tí a fi fẹ́ ṣàlàyé àsìkò àti ìṣe ìlú méjèèjì.

Aago Mẹ́kà fi wákàtí 2 ṣíwájú tiwa. Nàìjíríà kì í yí aago padà láàárín ọdún, Saudi náà kì í yí i, nítorí náà wákàtí 2 yìí kì í yẹ̀. Ṣùgbọ́n oòrùn ni ìrun ń tẹ̀lé. Oòrùn máa ń fi ìṣẹ́jú 4 kọjá digirí kan, digirí 35 ló sì wà láàárín ìlú méjèèjì. Oòrùn á ti yẹ àtàrí ní Mẹ́kà fún bíi wákàtí 2 àti ìṣẹ́jú 20 kí ó tó yẹ̀ ní Ìlọrin.

Ìṣe wọn náà yàtọ̀. Odò Asà ń ṣàn gba àárín Ìlọrin kọjá, òjò sì ń rọ̀ níbẹ̀ dáadáa. Yorùbá, Fúlàní, Hausa àti Nupe jọ ń gbé ibẹ̀, èdè Yorùbá ló so wọ́n pọ̀. Àsùbáà ni ìlú ti ń jí. Mẹ́kà ní tirẹ̀ jẹ́ àfonífojì gbígbẹ tí òkè àpáta yí ká. Kò ní odò, kànga Zamzam ló sọ ibẹ̀ di ìlú. Ooru ibẹ̀ máa ń kọjá ìwọ̀n Celsius 40 nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, nítorí náà wọ́n á sinmi lọ́sàn-án, ọjà á sì kún lóru. Ẹni tó bá fẹ́ pe àwọn òbí rẹ̀, kí ó pè ní nǹkan bí aago 7 alẹ́ wa, nígbà tí wọ́n ti kí Ìṣáì tán.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni ọjọ́ Arafah. Láti ìgbà tí oòrùn bá yẹ àtàrí ni àwọn àlàájì ti ń dúró ní Arafah, ìyẹn nǹkan bí aago 10 kọjá ìṣẹ́jú 20 àárọ̀ wa. Ẹ bá wọn ṣe àdúà láti ìgbà náà. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ gba àwẹ̀ nílé, bí ẹ bá rí i lórí tẹlifíṣọ̀n pé oòrùn ti wọ̀ lọ́hùn-ún, ẹ má ṣe ṣínu. Ó ku bíi wákàtí 2 kí tiwa tó wọ̀. Ìpè ládàánì àdúgbò yín ni kí ẹ dúró dè.

Àǹfààní kan tún wà. Ní ọjọ́ 28 oṣù Karùn-ún, ní aago 12 kọjá ìṣẹ́jú 18 Mẹ́kà, oòrùn máa ń wà lókè Kaaba gan-an. Aago 10 kọjá ìṣẹ́jú 18 ni ní Ìlọrin. Ẹ ri igi gbọọrọ kan mọ́lẹ̀ ní ìdúró. Òdìkejì òjìji rẹ̀ ni gábàsì yín.

Kí Allāhu gba Hajj àwọn ènìyàn wa, kí Ó sì dá wọn padà sílé láyọ̀. Àmín.